Bátìrì ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún

  Àwọn tó ti ń ka ọ̀rọ̀ mi mọ̀ pé olùkọ́ ni mí ní Parakou. Èdè Faransé ni mo fi kàwé, òun náà ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ. Yorùbá tí mo ń kọ síbí, ẹnu ìyá mi ni mo ti gbọ́ ọ, n kò kọ́ ọ ní kíláàsì. Bí àmì ohùn bá ṣì mí lọ́wọ́, ẹ bá mi tún un ṣe, ẹ má bínú.

Ọ̀rọ̀ bátìrì mọ́tò ni mo gbé wá lónìí. Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní, "Kí ló kan Mẹ́tìrì kan bátìrì?" Ẹ fara balẹ̀. Ohun tí ojú mi rí ní oṣù kẹfà ló ní kí n kọ ọ́, torí n kò fẹ́ kí ojú ẹlòmíràn rí i.

Ní ọjọ́ tí ìdánwò CEP bẹ̀rẹ̀, ọmọ méjì láti kíláàsì mi ló sùn sílé mi, ọmọbìnrin kan àti ọmọkùnrin kan. Ilé ìwé wa wà ní abúlé kan lẹ́yìn ìlú, lápá ọ̀nà Tchaourou, ṣùgbọ́n àárín Parakou ni wọ́n ti máa ṣe ìdánwò. Òjò ni oṣù kẹfà lọ́dọ̀ wa, ọ̀nà abúlé yẹn sì máa ń di ẹrẹ̀ tí alùpùpù ò lè kọjá. Mo sọ fún àwọn òbí wọn pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọ wá sùn lọ́dọ̀ mi, pé èmi fúnra mi á fi mọ́tò gbé wọn lọ. Wọ́n dúpẹ́ títí. Bàbá ọmọkùnrin náà gbé àpò iṣu kan wá fún ìyàwó mi.

Nígbà tó di aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀, a ti mu ògì, a ti jẹ àkàrà. Bírò pé, rúlà pé, ìwé ìpè wọn wà lọ́wọ́. Mo jókòó sínú mọ́tò, mo yí kọ́kọ́rọ́. Kẹ́-kẹ́-kẹ́-kẹ́. Iná iwájú mọ́tò ń ṣẹ́jú bí ẹni tí oorun ń kùn. Mo tún yí i. Kẹ́. Mo yí i lẹ́ẹ̀kẹta, kò dún mọ́ rárá.

Ìyàwó mi yọjú láti ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ṣé kì í ṣe bátìrì tí ẹ ní ẹ rà lówó pọ́ọ́kú nìyẹn?"

N kò dá a lóhùn. Kí ni mo fẹ́ sọ?

Ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn díẹ̀. Toyota Corolla ni mọ́tò mi, ọ̀kan nínú àwọn àlòkù tí ọkọ̀ ojú omi ń kó wá sí Cotonou láti Bẹ́ljíọ̀mù. Bátìrì tó bá a wá kú ní oṣù kẹta, nígbà tí ooru Parakou mú débi pé èèyàn ò lè fọwọ́ kan irin mọ́tò lọ́sàn-án. Mo béèrè iye tí tuntun jẹ́, wọ́n ní ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́ta, 45,000 séfà. Mo wo owó oṣù mi, mo wo owó ilé ìwé àwọn ọmọ, mo mí kanlẹ̀.

Nígbà tí mo ń padà bọ̀, mo rí ọkùnrin kan lẹ́bàá ọ̀nà tó to bátìrì sórí tábìlì. Ó ti fọ gbogbo wọn mọ́, ó ti ha orí wọn títí tí wọ́n fi ń dán. 15,000 ló pe ọ̀kan. Mo bi í bóyá ó lágbára. Ó mú ègé wáyà kan, ó fi kan orí méjèèjì bátìrì náà, iná ṣẹ́ pàá! Ó ní, "Mẹ́tìrì, ṣé ẹ rí agbára?" Mo rí iná, mo gbà á gbọ́. Èmi tí mo ń sọ fún àwọn ọmọ lójoojúmọ́ pé kí wọ́n má kọ ìdáhùn sílẹ̀ láìtíì yẹ̀ ẹ́ wò. Mo san owó, mo gbé e lọ sílé, inú mi sì ń dùn pé mo jèrè 30,000.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà la wà nínú òjò yìí, tí aago ń lọ.

Ọlọ́run ṣe é, mọ́tò mi kì í ṣe èyí tó ń yí jíà fúnra rẹ̀, torí irú ìyẹn kò ṣeé tì kó fi dìde. Mo pariwo pe àwọn aládùúgbò. Bàrìbá kan wá, àwọn ọmọ Dẹ̀ńdì méjì wá, ọlọ́kadà kan gbé alùpùpù rẹ̀ kalẹ̀, ó wá. Àwọn ọmọ méjèèjì náà sọ̀kalẹ̀, wọ́n ń bá wọn tì í. Mo ní kí wọ́n padà sínú mọ́tò, wọn ò gbọ́. Ní ìgbà kẹta tí a tì í, ẹ́ńjìnnì dìde. Ibẹ̀ náà ni ẹsẹ̀ ọmọkùnrin náà ti yọ̀, tó ṣubú sínú ẹrẹ̀. Aṣọ kakí rẹ̀ rin gbingbin láti orúnkún dé àyà.

Nígbà tí a fi máa débẹ̀, wọ́n ti ń pe orúkọ wọlé. Ọmọbìnrin náà sáré wọlé. Ọmọkùnrin náà dúró, ó ń fi ọwọ́ nu ẹrẹ̀ ara rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo ní, "Má wo aṣọ, ọmọ mi. Máa lọ." Ó lọ. Mo jókòó sínú mọ́tò tí mo bẹ̀rù láti pa, òógùn sì bò mí nínú òjò.

Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, mo ránṣẹ́ pe ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún iná mọ́tò ṣe ládùúgbò wa. Akẹ́kọ̀ọ́ mi ni tẹ́lẹ̀ ní CM2. Kò mọ ìwé púpọ̀ nígbà náà, mo sì rántí pé mo máa ń bá a wí lórí ìṣirò. Ó dé, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó yọ mítà kékeré kan láti inú àpò rẹ̀.

Mo ní, "Ọmọ mi, níbo ni mo ti lè rí bátìrì tuntun rà kíákíá?"

Ó ní, "Mẹ́tìrì, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n ná."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ẹnu mi ló ti gbọ́ ọ ní ọdún yẹn lọ́hùn-ún.

Ó ṣàlàyé fún mi pé yàrá mẹ́fà ló wà nínú bátìrì mọ́tò, yàrá kọ̀ọ̀kan sì ń mú iná tó lé díẹ̀ ní fọ́ọ̀tì méjì wá. Bátìrì tó kún, tó sì ti sinmi fún wákàtí bíi mélòó kan, mítà á kọ nǹkan bí 12.6. Tó bá kọ 12.2, ó ti dé ìdajì. Tí kò bá tó 12, iná ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú rẹ̀. Ó gbé bátìrì mi lọ ṣájì mọ́jú. Nígbà tó gbé e padà, mítà kọ 12.4.

Mo ní, "Ó ti dáa nìyẹn!"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ yí kọ́kọ́rọ́, kí n máa wo mítà." Mo yí i. Ó ní nọ́ńbà náà já wálẹ̀ sí 7. Bátìrì tó yè kì í sábà wálẹ̀ ju 10 lọ, tàbí 9 àti ààbọ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń gbìyànjú láti dìde. Tèmi dà bí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka ìwé geere lórí àga rẹ̀, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá pè é sí iwájú pátákó, ẹnu rẹ̀ á wọ́. Nọ́ńbà ìgbà tó ń sinmi ń tan èèyàn jẹ. Ìgbà tí iṣẹ́ bá dé ni ẹ tó mọ̀.

Ẹ̀yin ará, ẹ gbọ́ apá kejì, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fo èyí. Lẹ́yìn tí a tì í tó dìde, ó tún fi mítà kan orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Ó kọ 14.1. Ó ní èyí túmọ̀ sí pé alternateur, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ṣájì bátìrì nínú mọ́tò, wà ní àlàáfíà. Láàárín 13.8 sí 14.5 ló yẹ kó wà. Ká ní kò kọjá 12 àti díẹ̀ ni, a jẹ́ pé alternateur tàbí wáyà rẹ̀ ló ṣàìsàn. Ẹni tó bá ra bátìrì tuntun sí irú mọ́tò bẹ́ẹ̀, á pa tuntun náà láàárín ọjọ́ mélòó kan, á wá máa bú ẹni tó tà á fún un.

Mo rẹ́rìn-ín ara mi. Mo mọ orúkọ Gaston Planté, ará Faransé tó kọ́kọ́ ṣe irú bátìrì yìí ní ọdún 1859, tó fi òjé sínú ásíìdì. Mo mọ ọdún náà lórí. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò nínú mọ́tò tí mo ń wọ̀.

Mo bi í ohun tí ọkùnrin ẹ̀bá ọ̀nà yẹn tà fún mi gan-an. Ó ní bátìrì tó ti kú tẹ́lẹ̀ ni. Wọ́n á da ásíìdì àtijọ́ inú rẹ̀ nù sílẹ̀, wọ́n á da òmíràn sí i, wọ́n á ṣájì í mọ́jú, wọ́n á ha orí rẹ̀. Òjé inú rẹ̀ ti jẹrà, ìyẹn ò sì ṣeé tún ṣe. Bí ìgbà tí èèyàn bá kun ilé tí ikán ti jẹ igi òrùlé rẹ̀ ni. Iná tí mo rí yẹn ńkọ́? Ó ní bátìrì tó ń kú lọ náà lè ṣẹ́ iná. Ó tún ní ewu ńlá ni ohun tí ọkùnrin náà ṣe, torí afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára bátìrì tó ń gba iná, ìyẹn hydrogène, lè gbiná kó sì bú gbàmù, kó fọ́n ásíìdì sójú èèyàn.

Ó sì sọ ìdí tí bátìrì fi ń kú kíákíá lọ́dọ̀ wa. A máa ń rò pé òtútù ọyẹ́ ló ń pa á, torí òwúrọ̀ ọyẹ́ la sábà máa ń mọ̀ pé ó ti kú. Ṣùgbọ́n ooru ni apànìyàn rẹ̀. Ìwọ̀n 25 °C ni wọ́n máa ń fi ṣírò ọjọ́ ayé bátìrì. Bí ooru bá fi nǹkan bí 10 lé sí i, ọjọ́ ayé rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ dín kù sí ìdajì. Ẹ wá ro ooru oṣù kẹta ní Parakou, ẹ sì fi ooru ẹ́ńjìnnì kún un. Ooru ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti oṣù kejì, àwa ò mọ̀ títí di ọjọ́ tí a nílò rẹ̀ jù.

A jọ lọ ra tuntun. Ẹ jẹ́ kí n to ohun tó kọ́ mi sílẹ̀ bí ẹ̀kọ́ kíláàsì, kí ẹ lè pa á mọ́.

Èkíní, ẹ wọn àyè rẹ̀. Mo fi rúlà kíláàsì wọn ibi tí bátìrì ń jókòó sí. Tèmi gba èyí tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 24, tó fẹ̀ ní 17 ààbọ̀, tó ga ní 19. Èyí tó bá kéré jù á máa mì lójú ọ̀nà wa tó kún fún kòtò, mímì yẹn sì ń ba òjé inú rẹ̀ jẹ́. Èyí tó bá ga jù, orí rẹ̀ lè kan irin ìdérí ẹ́ńjìnnì, ó sì lè dáná.

Èkejì, ẹ wo apá ibi tí orí tó ní àmì àròpọ̀ (+) wà, ọ̀tún ni tàbí òsì. Bátìrì méjì lè jọra bí ìbejì mi, kí orí wọn kọjú síra wọn. Ẹ bá mú èyí tí kò bá ti mọ́tò yín mu, wáyà ò ní dé ibẹ̀, tàbí kí ẹ so ó lódì, kí gbogbo iná mọ́tò jó. Bí àmì bá ti parẹ́, ẹ mọ̀ pé orí (+) máa ń sanra díẹ̀ ju orí (−) lọ.

Ẹ̀kẹta, nọ́ńbà ara rẹ̀. Wọ́n kọ 60 Ah sára tèmi. Ìyẹn ni iye iná tó lè gbà mọ́ra, bíi bí ìkòkò omi ṣe tóbi tó. Nọ́ńbà kejì, tí wọ́n fi A kan ṣoṣo parí rẹ̀, ni iye tó lè tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà láti jí ẹ́ńjìnnì, bíi bí ẹnu ìkòkò ṣe fẹ̀ tó. Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó yà mí lẹ́nu: inú òtútù −18 °C ni wọ́n ti ń wọn nọ́ńbà kejì yẹn. Àwọn tó wà ní ilẹ̀ yìnyín ló nílò rẹ̀ jù. Àwa tí òòrùn ń pa, ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń tajà fi nọ́ńbà yẹn nìkan gba owó lọ́wọ́ yín. Ẹ ra èyí tó bá ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé mọ́tò yín mu, ó tó.

Ẹ̀kẹrin, ọjọ́ orí rẹ̀. Bátìrì kì í ṣe àwo tánganran tó lè wà lórí pẹpẹ fún ọdún mẹ́ta kó má yí padà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é ló ti ń pàdánù iná díẹ̀díẹ̀. Ẹ béèrè déètì, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi hàn yín lára rẹ̀. Bó bá ti lé ní oṣù mẹ́fà tí kò sí ẹni tó ṣájì í, ẹ yẹra fún un. Kí ẹ sì ní kí wọ́n fi mítà wọ̀n ọ́n lójú yín. Bí kò bá tó 12.4, ẹ bi wọ́n léèrè òmíràn.

Ẹ̀karùn-ún, ìwé. Ẹ gba rìsíìtì tó ní déètì àti iye oṣù tí wọ́n fi ṣe ìdánilójú rẹ̀. Ọkùnrin ẹ̀bá ọ̀nà kò fún mi ní ìwé kankan. Nígbà tí mo padà lọ wá a, mo bá tábìlì, n kò bá a.

Mo tún bi í bóyá èyí tó ní ìdérí téèyàn ń ṣí ló dáa, tàbí èyí tí wọ́n ti dí pa. Ó ní èyí tó ń ṣí dára fún ẹni tó bá máa ń yẹ̀ ẹ́ wò, torí ooru wa ń fa omi inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n omi bátìrì tí wọ́n ń tà nínú ike, tí a ń pè ní eau distillée, nìkan ni kí ẹ dà sí i. Kì í ṣe omi kànga, kì í ṣe omi ẹ̀rọ, ásíìdì kọ́ sì ni. Ẹni tí kò bá ráyè, kó ra èyí tí wọ́n dí pa.

A gbé e délé. Mo rò pé ó máa so ó fún mi, ó na sípánà 10 sí mi. Ó ní, "Mẹ́tìrì, ẹ̀yin náà ẹ ṣe é."

Mo bọ́ òrùka àti aago ọwọ́ mi. Mo pa mọ́tò, mo yọ kọ́kọ́rọ́. Ó ní àwọn mọ́tò kan wà tí rédíò wọn máa ń béèrè kóòdù tí wọ́n bá tú bátìrì, kí olúwarẹ̀ wá a jáde kó tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kọ́ mi ní ohun tí n kò ní gbàgbé láé: orí àyọkúrò (−) ni ẹ ó kọ́kọ́ tú, lẹ́yìn náà ni orí àròpọ̀ (+). Bí ẹ bá ń so tuntun, ẹ yí i padà: (+) kọ́kọ́, (−) kẹ́yìn. Ìdí rẹ̀ rèé. Gbogbo irin ara mọ́tò ló so mọ́ orí (−). Bí ẹ bá ń tú (+) nígbà tí (−) ṣì wà lórí, tí sípánà yín sì kan irin ara mọ́tò, iná á ṣẹ́, sípánà lè lẹ̀ mọ́ ọn, ọwọ́ lè jó. Bí (−) bá ti kúrò, kódà kí sípánà kan irin, kò sí ohun tó máa ṣẹlẹ̀.

Ìyẹ̀fun funfun àti aláwọ̀ ewé ti bo ìdè wáyà. Mo po bicarbonate mọ́ omi gbígbóná díẹ̀, mo dà á sí i, ó ń hó ṣùù. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì eyín àtijọ́ fọ̀ ọ́, mo fi omi ṣàn án, mo nù ún gbẹ. Mo gbé tuntun jókòó, mo dì í mọ́lẹ̀ pẹ̀lú irin rẹ̀ kí ó má bàa máa mì. Mo so (+), mo so (−), mo sì fún un débi pé ọwọ́ ò lè yí i. Mo fi gíríìsì díẹ̀ pa orí méjèèjì. Mo yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì dìde kí n tó ka ení.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà pàtẹ́wọ́. N kò mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ mi lè wú mi lórí tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ò tíì tán. Bátìrì méjì tó ti kú ló wà nílé mi báyìí, èyí oṣù kẹta àti èyí ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ògiri lẹ́yìn ilé, mo sì gbàgbé. Ní ọjọ́ kẹta, ìyàwó mi lọgun. Táyé, tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ, jókòó ti bátìrì, ó ń fi igi ha ìyẹ̀fun funfun orí rẹ̀, Kẹ́hìndé sì ń wò ó. A fọ ọwọ́ wọn ní ìgbà mẹ́ta pẹ̀lú ọṣẹ.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, ọkùnrin kan tó ń ti ọmọlanke kiri kàn wá, ó ń ra irin àti bátìrì tó ti bàjẹ́. Owó tó pè kò burú. Mo bi í ohun tó ń fi wọ́n ṣe. Ó ní àwọn kan ń fọ́ wọn, wọ́n ń yọ òjé inú wọn, wọ́n ń yọ́ ọ, wọ́n sì ń tà á. Mo bi í ibi tí ásíìdì ń lọ. Ó fi ọwọ́ han ilẹ̀.

Mo rántí ohun tí mo ti kà nípa Thiaroye-sur-Mer, nítòsí Dakar. Níbẹ̀, àwọn èèyàn máa ń fọ́ bátìrì mọ́tò láàárín ilé wọn. Nígbà tó yá, àwọn obìnrin ń wa ilẹ̀ ibẹ̀, wọ́n ń kó iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ sínú àpò wọlé, wọ́n ń sẹ́ ẹ láti rí òjé tà. Láàárín oṣù kọkànlá ọdún 2007 sí oṣù kẹta ọdún 2008, ọmọ 18 kú níbẹ̀. Òjé ló pa wọ́n. Lódìkejì ààlà lọ́dọ̀ yín, ẹ̀yin ará Ìpínlẹ̀ Ògùn, ẹ ti gbọ́ ti Ògijo, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ ti ń yọ́ bátìrì àlòkù. Ní ọdún 2025, àwọn oníròyìn gbé e jáde pé wọ́n rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará ibẹ̀ tí wọ́n yẹ̀ wò. Òjé kì í pa ọmọ nìkan. Èyí tí kò bá pa, ó ń ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́, ẹ̀kọ́ ò sì ní máa wọ̀ ọ́ lórí. Èmi olùkọ́ ni mo ń sọ ọ́.

N kò bú ọlọ́mọlanke. Ó ń wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n n kò tà á fún un. Mo gbé méjèèjì padà sí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ra tuntun. Wọ́n gbà wọ́n lódidi, láìfọ́, wọ́n sì fún mi ní 3,000 lórí méjèèjì. Owó náà kò tó ti ọlọ́mọlanke. Mo fi ṣe ìtọrẹ fún oorun mi.

Nígbà tí ilé ìwé wọlé padà, mo kọ ìṣirò kan sójú pátákó fún CM2. Bátìrì kan jẹ́ 15,000, ó lo oṣù 3. Òmíràn jẹ́ 45,000, bó bá lo ọdún 3, èwo ló wọ́n jù? Wọ́n ṣe é. Èkíní jẹ́ 5,000 lóṣooṣù, èkejì jẹ́ 1,250. Ọmọ kan nawọ́ sókè, ó ní, "Mẹ́tìrì, ta ló lọ ra ti 15,000 yẹn?" Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Mo ní ọ̀rẹ́ mi kan ni.

Ọmọbìnrin yẹn yege, ó ti wọ collège. Ọmọkùnrin náà kò yege. Máàkì díẹ̀ ló kù fún un. Ó ti padà sí kíláàsì mi, ìjókòó iwájú ló jókòó sí. N kò lè sọ pé bátìrì ló fà á. N kò sì lè sọ pé kì í ṣe òun. Bàbá rẹ̀ kò sọ nǹkan kan sí mi, ó tún fi iṣu ránṣẹ́ lẹ́yìn ìkórè. Iṣu yẹn wúwo lọ́wọ́ mi ju bátìrì lọ.

Torí náà, ẹ̀yin ará mi, bí mọ́tò yín bá ti ń pẹ́ kó tó dìde láàárọ̀, bí iná rẹ̀ bá ń ṣẹ́jú, ẹ má dúró de ọjọ́ tí ọmọ ẹlòmíràn á wà nínú rẹ̀. Ẹ lọ fi mítà wọ̀n ọ́n lọ́sẹ̀ yìí. Kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún.

Kí n tó dákẹ́, ẹ ràn mí lọ́wọ́. Ohun tó ń di orí bátìrì mú mọ́ wáyà, àwọn mẹkáníìkì ọ̀dọ̀ wa ń fi èdè Faransé pè é ní cosse. Kí ni ẹ ń pè é ní Ìbàdàn, ní Ṣakí, ní Kétu, ní Savè? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi. Mo fẹ́ fi kọ́ ọmọkùnrin tó tún mọ́tò mi ṣe, kí ó lè di pé èmi náà ní nǹkan tí mo tún kọ́ ọ.

Ó dàbọ̀ o.